Bí a ṣe ń kọ ìtàn akíkanjú obìnrin ayé àtijọ́ tí òǹkàwé kò ní lè gbé sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí ní ìṣòro kan láti ìbẹ̀rẹ̀: òǹkàwé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá ló ti gbọ́ pé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kọ owó orí, tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi ààfin sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí ló wá kù tí ẹ ó fi gbé ọkàn wọn sókè? Èsì tèmi ni pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣe é, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ṣe é. Gbogbo wa mọ ohun tó dé bá owó orí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dé bá aláró kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tó parọ́ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ fún agbowó-orí.

Ìtàn aláró yìí ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí tí a ó fi parí. Èmi ni mo hun ún. Ìlú tó ń gbé, ọdún tó wà àti ìjà tó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe àhunsọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ má mú sànmánì

"Ìgbà àwọn òyìnbó" ti fẹ̀ jù, kò sí ẹni tó lè kọ ọ́. "Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 1947 ní Abẹ́òkúta" ṣeé kọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ti gbọ́ akíkanjú obìnrin, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni wọ́n máa ń sáré sí, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, tàbí Ẹfúnpọ̀róyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856 tó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. N kò ní kí ẹ má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kò ní ohun tó gbà gbọ́ nípa Ẹfúnṣetán, àti pé ìdajì ìwé yín ni ẹ ó fi bá ìyá ìyá òǹkàwé jiyàn. Obìnrin tí ìwé ìtàn kò dárúkọ rẹ̀ sàn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìtàn fi àyè sílẹ̀ níbi tó yẹ kó wà, ẹ̀yin ni ẹ ó kún un.

Ẹ wo ohun tí Abẹ́òkúta 1947 fi lélẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ọdún yẹn gan-an ni Ogun Àdùbí jà, ìjà tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba òyìnbó jà. Obìnrin kì í sá sábẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú owó orí yìí, tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ọkọ lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san án bó bá ti pé ọdún 16, ọmọbìnrin bó bá ti pé ọdún 15. Nígbà ogun Hitler, àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Ní 1946, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́lá kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ni olórí wọn. Bí ìjọba kò bá fún wọn níwèé àṣẹ láti wọ́de, wọ́n á ní àwọn kò wọ́de, ayẹyẹ ìgbafẹ́ làwọn ń lọ.

Èyí tó mú mi nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọdún 15 yẹn. Ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ nílé aláró? Kò sí. Àwọn obìnrin náà fi ẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó-orí ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó san owó orí. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìwé ìtàn sọ ọ́ ní ìlà kan, ó kọjá lọ. Ibi tí ìwé ìtàn bá ti sáré kọjá báyìí ni kí òǹkọ̀wé dúró sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìwé, ẹ wá àgbà, ẹ sì wo òṣùpá

Ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ilé ìkàwé Kenneth Dike wà, tó tọ́jú àwọn ìwé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà kò mọ̀wé, akọ̀lẹ́tà ló ń bá wọn kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì onífilà gogoro. Ẹ máa gbọ́ Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà bá ní àwọn "fi ìrẹ̀lẹ̀ wólẹ̀ níwájú" ajẹ́lẹ̀, ẹ rántí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè wà lórí ìdúró, kó fọwọ́ méjèèjì gbé ìbàdí.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, ẹ má bi í pé "kí ló ṣẹlẹ̀?" Ohun tó ti gbọ́ lórí rédíò ló máa sọ fún yín. Ẹ bi í pé ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ nílé wọn, kí ni wọ́n ń jẹ tí ilẹ̀ bá ṣú, ibo ni ìyá rẹ̀ ń fi owó pa mọ́ sí tí bàbá kò fi mọ̀. Ìtàn wà nínú èsì kẹta yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sórí ìwé, ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀. Fún ìtàn tiwa: ní Sátidé, ọjọ́ 29 oṣù Nòfẹ́ńbà 1947, àwọn obìnrin tí wọ́n lé ní 10,000 lọ dó ti ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Wọ́n tún padà lọ ní ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró ní 1948, Aláké kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo ní oṣù Júláì ọdún náà, ó gbé adé sílẹ̀ ní oṣù Jánúárì 1949. Ó sì padà wá ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1950. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò ìpadàbọ̀ yẹn, nítorí kò bá orin ìṣẹ́gun mu. Ẹ̀yin ẹ má fò ó, a ó tún kàn án.

Ẹ wo òṣùpá pẹ̀lú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí bí òṣùpá ṣe rí lálẹ́ ọjọ́kọ́jọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Òṣùpá àrànmọ́jú ni ti ọjọ́ 28 oṣù Nòfẹ́ńbà 1947, ọjọ́ kan ṣáájú kí àwọn obìnrin tó sùn ní Aké. Nítorí náà bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú wọn yọ́ jáde "nínú òkùnkùn biribiri" lóru ọjọ́ yẹn, irọ́ ni. Ojú á rí i. Ìyẹn gan-an sì dára fún yín: ẹni tó fẹ́ yọ́ lọ nígbà tí òṣùpá mọ́lẹ̀ kedere wà nínú ewu ju ẹni tí òkùnkùn bò lọ. Ọyẹ́ pẹ̀lú ti fẹ́ máa dé lásìkò yẹn. Ẹni tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta ààfin á máa wá aṣọ bora, ẹ má sì gbàgbé pé aṣọ ni àwọn obìnrin yìí ń ṣe jẹun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún un níṣẹ́ kí ẹ tó fún un ní ìgboyà

Nínú ìtàn tí kò gún, ohun tó kọ́kọ́ hàn nípa akíkanjú obìnrin ni pé kì í bẹ̀rù, ó ń sọ̀rọ̀ sí ọba lójú, ó ń lu ọlọ́pàá. Ó máa ń sú mi kí n tó dé ojú ìwé kẹta. Ẹni tí kì í bẹ̀rù kò ní ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò bá sì sí ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí la fẹ́ máa ṣàníyàn lé lórí?

Àbẹ̀ní ni mo pe aláró tiwa. Ó jẹ́ ìyàwó kejì, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú. Ó ní ìkòkò aró mẹ́ta, gbèsè ẹ̀lú lọ́rùn, àti ọmọbìnrin kan, Ṣọlá, tí ara rẹ̀ tín-ín-rín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ń gún ewé ẹ̀lú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a. Wọ́n ń sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí. Wọ́n ń pò wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, òórùn rẹ̀ ló máa sọ fún aláró pé ó ti dé. Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni wọ́n ń bẹ̀ kí aró má bàa kọ̀. Àríyànjiyàn ńlá tún jà láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ìjọba ní àwọn ọdún 1930 sí 1939 lórí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò dípò omi eérú, torí náà obìnrin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìjọba lè ti ojú ọ̀nà wọ inú ìkòkò òun.

Ìgboyà rẹ̀ á ti inú iṣẹ́ yìí yọ. Ó mọ sùúrù. Ó mọ bí ènìyàn ṣe ń dúró de ohun tí kò ṣeé sáré. Ó tún mọ irọ́ pa, nítorí oníbàárà tó béèrè bóyá aṣọ yóò ṣí kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ohun kan tí ọwọ́ lè dì mú, tó lè tú àṣírí

Orí ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ohun tó ń gbé ọkàn òǹkàwé sókè ní láti jẹ́ ohun tó ṣeé fojú rí, tó wà nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni lè kọsẹ̀ lára rẹ̀. "Àṣírí ìdílé" kò tó. Lẹ́tà ti wọ́pọ̀ jù, ó sì yẹ kí ẹ bi ara yín pé ta ló máa kà á.

Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aládìrẹ ṣe àdìrẹ tó ní àwòrán ọba àti ayaba. Olóba ni orúkọ aṣọ náà. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní mú. Aṣọ yìí ní ọdún lára, bí owó ẹyọ ṣe ní ọdún lára. Ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, ó di kàlẹ́ńdà.

Mo wá jẹ́ kí Ṣọlá, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, dìde dúró ti tábìlì lọ́dún yẹn, kó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀kọ, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu etí aṣọ. Ìyá rẹ̀ rẹ aṣọ náà lọ́nà bẹ́ẹ̀ nítorí ó pa á lẹ́rìn-ín, kò tà á. Gbogbo agbo ilé mọ̀ ọ́n. Ní 1947, agbowó-orí dé, Àbẹ̀ní ní ọdún Olóba ni òun bí ọmọ òun, ọdún méjìlá péré ló jẹ́. Ṣé ẹ ti rí i? Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í dìde dúró ti tábìlì. Aṣọ tó wà nínú àpótí Àbẹ̀ní ti sọ ọ́ di òpùrọ́, ìyáálé rẹ̀, Ìyá Jídé, tó ní àbúrò tó jẹ́ akódà, ìránṣẹ́ ìjọba, ní ààfin sì mọ ibi tí àpótí náà wà.

Kí ló kù kó ṣe? Kó rẹ aṣọ náà títí àwòrán rẹ̀ fi máa pòórá. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú nìyẹn. Ṣùgbọ́n aró kì í dúdú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń rì í, wọ́n ń sá a, wọ́n tún ń rì í. Ẹ̀yin kò ní láti wá ohun tí yóò fa ìtàn gùn, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà ti fà á gùn fún yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ìran kan tí ẹnikẹ́ni kò ti halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

Àbẹ̀ní ri aṣọ náà bọ inú ìkòkò, ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó fà á sókè, àwọ̀ ewé tútù ló kọ́kọ́ mú wá. Afẹ́fẹ́ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti etí. Adé ayaba ti ń pòórá. Ó tẹ́ ẹ sórí okùn. Àtẹ́lẹwọ́ kékeré yẹn náà ti gba aró díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ṣì lè ka ìka rẹ̀ márààrún.

"Ìyàwó."

Kò yíjú padà. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Jídé."

"Aṣọ àtijọ́ wo lò ń rẹ ní kùtù báyìí?"

"Ó ti ṣá ni, mà. Mo ní kí n tún un rẹ."

"Ó ti ṣá lóòótọ́." Ìyá Jídé jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Àbúrò mi ń bọ̀ wá jẹun lọ́sàn-án. Ṣé láfún tó wà nílé á tó?"

"Á tó."

"Jẹ́ kí Ṣọlá rò ó. Ó ti tó ro láfún fún àlejò báyìí, àbí?"

Kò sẹ́ni tó pariwo. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó orí. Àmọ́ ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn kò ṣeé dáhùn: bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ti dàgbà, bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti jẹ́wọ́ pé òun mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Nínú agbo ilé Yorùbá, ẹni tó fẹ́ ṣe ọ́ níbi á kọ́kọ́ kí ọ dáadáa. Òǹkọ̀wé tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìkíni gún ènìyàn kò nílò ìbọn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ohun tó lágbára ju ìbọn lọ, Orò wà. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin kì í rí Orò, bí ohùn rẹ̀ bá dún, wọ́n á wọlé tìlẹ̀kùn. Ẹ fojú inú wo obìnrin tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn níta nígbà tí ohùn yẹn dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ lò ó o. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti di eré orí ìtàgé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ènìyàn gidi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́ọ̀ọ́kán

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn yìí. Kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ Àbẹ̀ní lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká rí i láti ẹ̀yìn èrò, ìró àti bùbá rẹ̀, ọwọ́ tó nà sókè. Ẹ jẹ́ kí Àbẹ̀ní gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì tó ti fi tirẹ̀ kún un, nítorí bí ẹni tó wà lẹ́yìn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu kí ẹ wá fi àmì àyọlò sí i. Ó kọ́ àwọn obìnrin ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tíágáàsì. Ìyẹn ṣeé lò, nítorí Àbẹ̀ní lè bi ara rẹ̀ pé aṣọ wo lòun máa fi bo imú.

Aláké náà, ẹ má sọ ọ́ di ẹkùn. Àwọn kan wà nílùú tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, bàbá Ṣọlá sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìjà tó wà lórí ẹní dùn ún kọ ju èyí tó wà lójú ààfin.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹnu àti owó

Èyí kò gba àkókò. Kò sí náírà títí di 1973, ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná. Ọkọ̀ tó ń kó wọn ni bọ́lẹ̀kájà, tàbí kí wọ́n wọ rélùwéè ní Làfẹ́ńwá. Ẹ fi ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá sí ẹnu àwọn àgbà díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, Yorùbá àjùmọ̀lò sàn ju Ẹ̀gbá àfipáṣe lọ. Ẹ yọ gbogbo "ẹ̀tọ́ obìnrin" kúrò lẹ́nu Àbẹ̀ní. Ohun tó máa sọ ni pé òun kò ní san án.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi tí ẹ ó ti gé e

Bí ẹ bá ń gbé e jáde lápá lápá lórí Facebook tàbí WhatsApp, ẹ má parí apá kan síbi tí ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí a bá sì ṣílẹ̀kùn, ọmọ aládùúgbò tó fẹ́ yá asẹ́ ló máa ń jẹ́. Ẹ gé e síbi tí obìnrin náà ti ní láti yàn. Lóru ọjọ́ 29, gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ sùn ní Aké. Bí Àbẹ̀ní bá lọ, aṣọ tí kò tíì dúdú tán á wà nílé pẹ̀lú Ìyá Jídé. Bí kò bá lọ, wọ́n á mọ ẹni tí kò wá, obìnrin tó sì ń tà á ní ẹ̀lú láwìn wà lára àwọn tó ń ka orí. Ẹ gé e síbẹ̀. Kí òǹkàwé fi ọ̀sẹ̀ kan bá a yàn.

Èyí tí mo yàn ni pé ó ró aṣọ náà lọ sí Aké, ó tutù rinrin lára rẹ̀ nínú ọyẹ́, aró ń yọ sí i lẹ́sẹ̀, òṣùpá sì mọ́lẹ̀. Àṣírí rẹ̀ wà lára rẹ̀ láàárín ẹgbàárùn-ún obìnrin. Ẹ̀yin lè yàn òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìparí

Ohun tó máa wá sọ́kàn ni pé kí ìtàn parí ní Jánúárì 1949, kí ìlú máa jó. Mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ dá a dúró ṣáájú, tàbí kí ẹ sún un dé Dìsẹ́ńbà 1950 nígbà tí Aláké padà wọ̀lú. Ṣọlá ti di ọmọ ọdún 18 nígbà yẹn, ó lè ti wà nílé ọkọ. Ìyáálé àti ìyàwó ṣì ń gbé agbo ilé kan náà, wọ́n ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀. Kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ lọ́jọ́ tí bàtá ń dún padà sí ààfin? Ẹ kọ ìyẹn.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kọ ojú ìwé kan sẹ́yìn rẹ̀ láti sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ àti èyí tí ẹ hun: owó orí, ọjọ́ 29, àdìrẹ Olóba lápá kan; Àbẹ̀ní, Ṣọlá àti Ìyá Jídé lápá kejì. Ẹ wá mú ìran ìkòkò aró lọ bá obìnrin kan tó ń rẹ aṣọ, ní Ìtòkú tàbí Kẹ́mta, ẹ kà á sí i létí sókè, kí ẹ sì mú bírò dání. Ibi tó bá ti dá yín dúró, ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.